Ìwádìí Kì í Ṣe Ọ̀tá Ẹ̀sìn: Àgbéyẹ̀wò Ìwé The Boko Haram Reader

  

Ìwé tí mo gbé wá sí ojú ewé yìí lónìí kì í ṣe ìwé ìtàn àròsọ, kì í sì í ṣe ìwé ewì. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn apànìyàn ni wọ́n kó jọ sínú rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni The Boko Haram Reader. Abdulbasit Kassim àti Michael Nwankpa, ọmọ Nàìjíríà méjèèjì, ló ṣe àkójọ rẹ̀. David Cook tó jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Rice ní Amẹ́ríkà sì kọ àlàyé sí i. Ilé-iṣẹ́ Hurst tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2018. Àwọn kan lára wa gbà pé kò yẹ kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ wọ ilé Mùsùlùmí rárá. Èrò tèmi yàtọ̀ sí tiwọn. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ẹni tó bá fẹ́ gba Islam sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń fi orúkọ rẹ̀ pànìyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wádìí ohun tí wọ́n ń sọ àti ohun tí wọ́n ń ṣe. Ìwé yìí ṣe ìdajì iṣẹ́ náà dáadáa, ó sì fi ìdajì yòókù sílẹ̀ fún wa.

KÍ LÓ KAN ARÁ KABBA?

Ẹnìkan lè bi wá pé: kí ló kan ará Kabba nínú ọ̀rọ̀ Maiduguri? Ó kàn wá gan-an ni. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 2012, àwọn agbébọn wọ ilé ìjọsìn Deeper Life ní Otite, lẹ́bàá Okene, wọ́n sì yìnbọn pa nǹkan bí ènìyàn 19 nínú àwọn tó ń jọ́sìn níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n yìnbọn pa àwọn sójà lẹ́bàá mọ́sáláásí kan ní Okene kan náà. Ní òru ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, wọ́n fi bọ́ǹbù fọ́ ògiri ọgbà ẹ̀wọ̀n tó wà ní Kabba níbí, àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó sá jáde sì lé ní 200. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, wọ́n pa ènìyàn tí kò dín ní 40 nínú ilé ìjọsìn Kátólíìkì St. Francis Xavier ní Ọ̀wọ̀, ìlú tí àwa àti wọn jọ ń ná ọjà. Ní ọjọ́ 29 oṣù kejìlá ọdún náà, bọ́ǹbù dún lẹ́bàá ààfin Ohinoyi ní Okene, ní ọjọ́ tí Ààrẹ Buhari ń bọ̀ wá sí ìpínlẹ̀ wa. Ẹgbẹ́ ISWAP, tó ya kúrò lára Boko Haram, sì kéde pé àwọn ló ṣe é.

Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí, ojú tí àwọn èrò ọkọ̀ fi ń wo ọmọbìnrin wa tó lo híjáàbù máa ń yí padà. Ní ilẹ̀ Okun, ọmọ ìyá kan náà ni ọ̀kan ń lọ mọ́sáláásí tí èkejì ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. A jọ ń jẹ ẹran Iléyá, a jọ ń jẹ ìrẹsì Kérésìmesì. Ọgbẹ́ ńlá ni irú ojú bẹ́ẹ̀ ń dá sí wa lára.

Ọgbẹ́ náà sì ní àpá àtijọ́ lábẹ́. Ní sẹ́ńtúrì tó ṣáájú èyí tó kọjá, àwọn ẹlẹ́ṣin Nupe láti Bida ń kó àwọn baba ńlá wa lẹ́rú, láti Owé dé Yàgbà, láti Ìjùmú dé Bùnú. Ọdún 1897 ni ó tó dópin, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company wọ Kabba, tí wọ́n sì ti ibẹ̀ lọ ṣẹ́gun Bida. Mùsùlùmí ni àwọn ọba tó rán àwọn ẹlẹ́ṣin náà níṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà "jìhádì" kò fi dùn létí ará Okun títí di òní. Mùsùlùmí Okun tó bá gbàgbé èyí kò ní mọ ohun tó ń ba aládùúgbò rẹ̀ lẹ́rù.

ÌDÁHÙN MÉJÌ TÍ KÒ TÓ

Ìdáhùn méjì ni a sábà máa ń fún aládùúgbò náà. Èkíní ni pé, "Àwọn yẹn kì í ṣe Mùsùlùmí." Èkejì ni pé, "Àwọn ọ̀tá ẹ̀sìn ló ṣètò rẹ̀ láti bà wá lórúkọ jẹ́." Ìdáhùn méjèèjì dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò sí ìwádìí kankan nínú wọn. Nínú Sūratul-Hujurāt, āyà kẹfà, Ọlọ́hun pàṣẹ fún wa pé kí a máa yẹ ìròyìn wò dáadáa kí a tó fi ṣiṣẹ́, kí a má baà fi àìmọ̀ ṣe ẹlòmíràn níbi. Nínú Sūratun-Nisāʾ, āyà 135, Ó ní kí a dúró lórí òdodo, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ara wa tàbí àwọn òbí wa ni yóò ta bá. Àṣẹ ni èyí fún gbogbo wa. Bí a bá ń fi ìwádìí sílẹ̀ fún ọlọ́pàá àti oníwèé ìròyìn nìkan, a ti jẹ gbèsè.

Ìdáhùn àkọ́kọ́ yẹn tilẹ̀ léwu ju bí a ti rò lọ. Kí ni olórí ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ yìí nínú ìmọ̀ ẹ̀sìn? Òun ni takfīr, èyíinì ni pípe Mùsùlùmí ní kèfèrí kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè di ẹ̀tọ́. Bí àwa náà bá wá fi ìbínú pè wọ́n ní kèfèrí, irinṣẹ́ wọn ni a mú lò yẹn. Àwọn àgbà ẹ̀sìn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn Khawārij ya kúrò lẹ́yìn Sayyidinā ʿAlī, tí wọ́n ní òun àti àwọn Sàhábà yòókù ti di kèfèrí, Ibn ʿAbbās lọ bá wọn, ó gbọ́ ẹjọ́ wọn, ó dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì padà. Àwọn tó kù ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ʿAlī sì bá wọn jà ní Nahrawān ní ọdún 658. Síbẹ̀, àwọn onímọ̀ gbà á wá fún wa pé kò pè wọ́n ní kèfèrí. Ọ̀kan nínú wọn náà ló pa á ní ọdún 661. Ẹ kíyè sí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tò: wọ́n gbọ́ tẹnu wọn, wọ́n dá wọn lóhùn, lẹ́yìn náà ni wọ́n fi agbára dá wọn dúró.

OHUN TÍ ÌWÉ NÁÀ ṢE DÁADÁA

Gbígbọ́ tẹnu wọn yìí gan-an ni iṣẹ́ ìwé tí a ń yẹ̀ wò. Àwọn tó ṣe àkójọ rẹ̀ wá wáàsí, ìwé, lẹ́tà àti ọ̀rọ̀ inú fídíò àwọn ẹgbẹ́ náà rí, láti ìgbà wáàsí Mohammed Yusuf títí dé ọdún 2016. Wọ́n tú wọn láti èdè Lárúbáwá, Haúsá àti Kànúrí sí èdè Òyìnbó, wọ́n sì tò wọ́n bí ọdún ṣe ń tẹ̀lé ọdún. Kò sí "wọ́n ní" tàbí "a gbọ́ pé" níbẹ̀. Ohùn àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an ni à ń gbọ́. Àgbọ́sọ la fi ń ja ọ̀pọ̀ ìjà wa lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá ka ìwé yìí kò ní àwáwí àgbọ́sọ mọ́.

Orúkọ wọn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ kí ẹ wò. Àwọn ará ìlú ló ń pè wọ́n ní Boko Haram. Orúkọ tí wọ́n sọ ara wọn ni Jamāʿat Ahl as-Sunna li-d-Daʿwa wa-l-Jihād. Sunna, daʿwa, jihād: mẹ́ta nínú ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ràn jù ní ilé-kéwú ni wọ́n kó wọ̀ bí ẹni jí agbádá onílé wọ̀ jáde. Ọmọ tí a kò kọ́ ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa, agbádá nìkan ni yóò rí, kò ní mọ olè tó wà nínú rẹ̀.

Èkejì, títò tí wọ́n to ọ̀rọ̀ náà bí ọdún ṣe tẹ̀léra jẹ́ kí a rí bí ìkórìíra ṣe ń dàgbà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ lórí ilé-ìwé Òyìnbó àti iṣẹ́ ìjọba ni: Yusuf ní harām ni méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ẹni tó bá ṣe wọ́n di ẹni tí a kò gbọdọ̀ bá rẹ́. Lẹ́yìn náà, àáfà tó bá sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀ di ọ̀tá. Lẹ́yìn ìjà oṣù keje ọdún 2009, Abubakar Shekau gba ipò, ẹnikẹ́ni tí kò bá sì sí lẹ́yìn rẹ̀ wá di ẹni pípa. Ìbọn kọ́ ló ṣáájú. Ọ̀rọ̀ ló ṣáájú, ìbọn sì tẹ̀lé e.

Ẹ jẹ́ kí n fi āyà kan ṣe àpẹẹrẹ. Āyà 44 nínú Sūratul-Māʾidah sọ̀rọ̀ lórí ẹni tí kò fi ohun tí Ọlọ́hun sọ̀ kalẹ̀ dájọ́. Irú ẹgbẹ́ báyìí máa ń fà á yọ láti fi sọ pé adájọ́, olùdìbò, akọ̀wé ìjọba àti ọlọ́pàá ti kúrò nínú ẹ̀sìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ́ Tafsīr mọ̀ pé Ibn ʿAbbās, ọmọ àbúrò bàbá Ànábì, ṣàlàyé pé kúfúrù ní ìpele, àti pé irú èyí kì í yọ ènìyàn kúrò nínú Islam bí kò bá tako òfin Ọlọ́hun nínú ọkàn rẹ̀. Āyà kan náà ni, ṣùgbọ́n àlàyé ló yàtọ̀. Ohun tí ọmọ kéwú kò kọ́ níwájú olùkọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi tàn án jẹ lẹ́yìn olùkọ́.

Ẹ̀kẹta, ìwé náà fi hàn pé irọ́ ni ẹ̀sùn tí wọ́n fi ń kàn wá pé àwọn àáfà dákẹ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2006, ọdún mẹ́ta kí ìjà tó bẹ́ sílẹ̀, Isa Ali Pantami jókòó ní Bauchi, ó bá Mohammed Yusuf jiyàn ní gbangba lórí ilé-ìwé Òyìnbó àti iṣẹ́ ìjọba, wọ́n sì gba ohùn wọn sílẹ̀. Àwọn mìíràn fi ẹ̀mí wọn dí i. Sheikh Muhammad Auwal Albani ti Zaria, tó ń wáàsí tako ẹgbẹ́ náà, ni wọ́n yìnbọn pa pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kejì ọdún 2014. Shekau sì fi ẹnu ara rẹ̀ kéde pé àwọn ló pa á. Ní ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n ju bọ́ǹbù sáàárín àwọn tó ń kírun Jímọ̀ ní Mọ́sáláásí Gbogboògbò ti Kano, àwọn tó kú sì lé ní 100. Bí aládùúgbò bá ní Mùsùlùmí kò sọ̀rọ̀, orúkọ Albani ni kí a fi dá a lóhùn.

IBI TÍ ÌWÉ NÁÀ KÙ SÍ

Mo ti yìn ín tó. Ṣùgbọ́n agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Ìwé náà sì ní àbùkù tó yẹ kí a sọ.

Àbùkù àkọ́kọ́ ni pé apànìyàn ló ń sọ̀rọ̀ ṣáá níbẹ̀, a kò gbọ́ ohùn ẹni tí wọ́n ṣe níkà. A ka wáàsí, a ka ìhalẹ̀, a ka ìkéde ogun, ṣùgbọ́n ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà nínú àwọn ọmọbìnrin 276 tí wọ́n kó ní Chibok ní òru ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2014 kò sọ ohunkóhun. Ẹni tó bá ka ìwé yìí nìkan lè ṣì í mú bí àríyànjiyàn àwọn àáfà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń rọ àwọn òbí pé kí wọ́n wá ìwé kejì tì í: ìtàn àròsọ tí Adaobi Tricia Nwaubani kọ ní ọdún 2018 kan náà, Buried Beneath the Baobab Tree. Àwọn ọ̀dọ́ ni ó kọ ọ́ fún, orí ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọbìnrin tó bọ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ náà sọ ni ó sì gbé e kà. Nínú ìwé yẹn, a rí ohun tí wáàsí náà ń ṣe nígbà tó bá dé abúlé: ilé-ìwé tí kò sí mọ́, ìyàwó tí a fi ipá fẹ́, ọmọ tí a fi orúkọ mìíràn pè. Ṣùgbọ́n ìwé ìtàn náà kò lè sọ fún wa ibi tí àṣìṣe ẹ̀kọ́ náà ti wá. Ìdí ni pé a gbọ́dọ̀ ka méjèèjì pọ̀. Ọ̀kan jẹ́ ẹ̀rí ẹnu apànìyàn, èkejì sì sún mọ́ ẹ̀rí ẹnu ẹni tí wọ́n ṣe níkà, àwọn méjèèjì ni adájọ́ rere sì máa ń pè.

Àbùkù kejì, tó dùn mí gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ èdè Lárúbáwá, ni pé èdè Òyìnbó nìkan ni ọ̀rọ̀ náà fi wà nínú ìwé. Wọn kò tẹ ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tàbí Haúsá rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí olùkọ́ lè fi wéra. Ọ̀rọ̀ bíi kúfúrù àti ṭāghūt ní ìtàn gígùn nínú Tafsīr. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ Òyìnbó kan ṣoṣo rọ́pò ọ̀kọ̀ọ̀kan, òǹkàwé kò ní rí ibi tí Yusuf ti yí ìtumọ̀ padà. Yóò kàn rò pé bí Islam ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Ibi tí iṣẹ́ àwa àáfà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nítorí àwa ni a mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá.

Àbùkù kẹta ni pé ìwé náà dúró ní ọdún 2016. Kò sí ẹni tó lè bá wọn wí fún èyí, ṣùgbọ́n òǹkàwé gbọ́dọ̀ mọ ohun tó tẹ̀lé e. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, ẹgbẹ́ Islamic State kéde Abu Musab al-Barnawi, ọmọ Mohammed Yusuf, ní olórí ISWAP, òun náà sì kéde pé àwọn kò ní kọlu mọ́sáláásí àti ọjà Mùsùlùmí mọ́, ṣùgbọ́n pé ṣọ́ọ̀ṣì ni àwọn yóò máa dojú kọ. Ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn nígbà náà yóò ti mọ̀ pé ewu ń bọ̀ lórí irú ibi bí Ọ̀wọ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, Shekau kú nígbà tí ISWAP ká a mọ́ inú igbó Sambisa. Ẹgbẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pípe ẹlòmíràn ní kèfèrí parí rẹ̀ sí orí ara wọn.

ÌWÁDÌÍ NÍ ILÉ WA

Nígbà tí a bá fi ojú tí ìwé yìí là fún wa wo ọ̀rọ̀ Ọ̀wọ̀, a ó rí ìdí tí kò fi yẹ kí a máa kánjú. Ní ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an, àwọn ènìyàn ti ń dárúkọ ẹ̀yà kan lójú títì. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìjọba àpapọ̀ ní ISWAP ni. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, olórí àwọn ológun kéde pé wọ́n ti mú àwọn afurasí, pé Eika ní ìpínlẹ̀ Kogi wa níbí ni wọ́n ti mú wọn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, àjọ DSS gbé ènìyàn márùn-ún lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga Àpapọ̀ ní Abuja, ẹ̀sùn tí wọ́n sì fi kàn wọ́n dárúkọ ẹgbẹ́ al-Shabaab, wọ́n ní ó ní ẹ̀ka ní Kogi. Àwọn márààrún ní àwọn kò jẹ̀bi. Ẹ wo bí orúkọ ẹgbẹ́ ṣe yí padà láàárín ọdún mẹ́ta. Bí àwọn tó ní irinṣẹ́ ìwádìí bá ń yí ọ̀rọ̀ padà báyìí, ta ni àwa tí a fi ń di ẹ̀bi lé ẹ̀yà Ebira tàbí Fúlàní lórí ní ìsọ̀ ẹlẹ́ran? Sūratul-Māʾidah, āyà kẹjọ, ti kìlọ̀ fún wa pé kí ìkórìíra tí a ní sí àwọn ènìyàn kan má ṣe mú wa kúrò lórí òdodo. Ìkórìíra ni ẹgbẹ́ yẹn fi ń jẹun. Ẹni tó bá sọ gbogbo Ebira di apànìyàn ń wá ọmọ ogun fún wọn ni.

Ṣùgbọ́n àìkánjú kò túmọ̀ sí àìwádìí. Ohun mẹ́ta ni ìtàn kọ́ wa lórí èyí.

Èkíní: ẹni tó bá pa afurasí ti pa ẹ̀rí. Ní ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 2009, àwọn sójà mú Mohammed Yusuf láàyè ní Maiduguri, wọ́n bi í léèrè ọ̀rọ̀, wọ́n sì fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ní ọjọ́ náà gan-an ló kú lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ta ló ń fún un lówó? Ta ló kó ìbọn wá? Adájọ́ kò ráyè bi í. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sọ ọ́ di ajẹ́rìíkú, wọ́n sì fi ikú rẹ̀ wá ọmọ ogun. Àwọn tó yọ̀ lọ́jọ́ yẹn pé ọ̀rọ̀ ti parí kò mọ̀ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Èkejì: ìwádìí tí a kò fi kọ́ ọmọ kì í dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn tí Maitatsine dá rògbòdìyàn sílẹ̀ ní Kano ní oṣù kejìlá ọdún 1980, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ Anthony Aniagolu. Iye òkú tí wọ́n kọ sílẹ̀ jẹ́ 4,177. Síbẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ tún dìde ní Bulumkutu lẹ́bàá Maiduguri ní 1982, ní Jimeta ní 1984, ní Gombe ní 1985. Maiduguri yẹn kan náà ni Yusuf ti wá dìde lẹ́yìn ogún ọdún. Ilé-kéwú mélòó ni wọ́n ti fi ìtàn Maitatsine kọ́ ọmọ pé, ẹ wo ohun tí àṣìtúmọ̀ ń fà?

Ẹ̀kẹta: olùwádìí kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀. Ahmad Salkida, akọ̀ròyìn ọmọ Borno, Mùsùlùmí ni. Ó mọ Yusuf nígbà ayé rẹ̀, ó sì ń kọ ìròyìn nípa ẹgbẹ́ náà kí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó mọ̀ pé ó wà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, lẹ́yìn tí fídíò àwọn ọmọbìnrin Chibok gba ọwọ́ rẹ̀ jáde, àwọn ológun kéde pé àwọn ń wá a. Ó ti òkè òkun padà wálé fúnra rẹ̀, wọ́n bi í léèrè ọ̀rọ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Ní ọdún 2020 ó dá ilé-iṣẹ́ ìròyìn HumAngle sílẹ̀, wọ́n sì ń wádìí ọ̀rọ̀ ogun yìí, wọ́n ń kọ ìyà tó ń jẹ àwọn tó sá kúrò nílé àti ìwà ìkà àwọn ẹgbẹ́ náà. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni kí a máa gbàdúà pé kí ilé Mùsùlùmí máa bí. Bí ọmọ wa bá sọ pé òun fẹ́ di akọ̀ròyìn tàbí agbẹjọ́rò, ẹ má ṣe rò pé ó ti kúrò lójú ọ̀nà ẹ̀sìn.

ṢÉ KÍ Ọ̀DỌ́ KA ÌWÉ YÌÍ?

Ìbéèrè tó kù nìyí, ó sì wúwo. Májèlé wà nínú ìwé náà. Yusuf mọ ọ̀rọ̀ sọ, āyà kò sì jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tí inú ń bí sí ìjọba, tí kò ríṣẹ́, tó wá dá nìkan jókòó ti irú wáàsí bẹ́ẹ̀, lè gba òdìkejì ohun tí àwọn tó ṣe ìwé náà fẹ́. Nítorí náà n kò sọ pé kí a máa pín in fún ọmọdé. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí àwa olùkọ́ kọ́kọ́ kà á, kí a sì mú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wá síwájú àwọn àgbà ọmọ kéwú pẹ̀lú ìdáhùn rẹ̀: ohun tí Yusuf sọ nìyí, ohun tí Pantami fi dá a lóhùn nìyí, ohun tí Ibn ʿAbbās sọ nìyí, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ sí Chibok àti Kano nìyí. Àwọn wáàsí yẹn ti wà lórí fóònù ọmọ wa tẹ́lẹ̀, yálà a fẹ́ tàbí a kọ̀. Ìdáhùn ni kò sí níbẹ̀. Olùkọ́ tó bá ní òun kò ní sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ kò lé wáàsí náà lọ. Ó kàn yọ̀ǹda àga rẹ̀ fún ẹlòmíràn ni.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í pe bàbá rẹ̀ ní kèfèrí nítorí pé ó ń gba owó oṣù ìjọba, tí kò kírun lẹ́yìn Lèmọ́mù ìlú mọ́, tí ó já ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nítorí pé ẹnìkan ní harām ni, ẹ má ṣe yọ̀ pé ẹ̀sìn ti wọ̀ ọ́ lára. Ẹ pe àáfà tó mọ̀wé. Ẹ bi í léèrè pé ta ló ń kọ́ ọ. Bí ẹ bá sì rí i pé ọ̀rọ̀ ti kọjá iyàn, tí ìbọn tàbí ìpàdé òru ti wọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn aláṣẹ gbọ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó ta sílẹ̀. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Títọ́ka rẹ̀ kì í ṣe títa ẹ̀sìn. Ọ̀nà àtigba ẹ̀fọ́ là ni.

Ìwé The Boko Haram Reader kò pé, ṣùgbọ́n ó wúlò, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣe làálàá rẹ̀. Ọ̀kan tó kù tí kò sí ẹni tó tíì kọ fún wa ni èyí tí a ó fi èdè Yorùbá kọ, tí yóò kó ọ̀rọ̀ wọn, ìdáhùn àwọn onímọ̀ àti ẹ̀rí àwọn tí wọ́n ṣe níkà ní Otite, ní Kabba àti ní Ọ̀wọ̀ sójú kan. Ta ni yóò kọ ọ́ bí kò ṣe ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìwé yìí, tí ẹ mọ kéwú, tí ẹ sì mọ ìwé Òyìnbó? Nígbà tí aládùúgbò wa bá tún béèrè, kí a lè ní ìdáhùn tó ju "àwọn yẹn kì í ṣe Mùsùlùmí" lọ.

Kí Ọlọ́hun fi òdodo hàn wá ní òdodo, kí Ó fún wa ní agbára àtitẹ̀lé e. Kí Ó fi irọ́ hàn wá ní irọ́, kí Ó sì jẹ́ kí a lè yàgò fún un. Kí Ó tu àwọn tí wọ́n ṣọ̀fọ̀ nínú, Mùsùlùmí wọn àti Kirisitẹni wọn. Kí Ó dá àwọn tó ṣì wà nígbèkùn padà sílé wọn láàyè. Kí Ó pa ilẹ̀ Okun, ìpínlẹ̀ Kogi àti gbogbo Nàìjíríà mọ́ lọ́wọ́ aburú. Āmīn, yā Rabbal-ʿālamīn.